Láti Fólítì 15 sí Fólítì Kan: Ìtàn Agbára Iná Nínú Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí bá inú kọ̀ǹpútà mu gan-an. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1971, ilé iṣẹ́ Intel ní Amẹ́ríkà gbé pírósẹ́sọ̀ kan jáde, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní 4004. Pírósẹ́sọ̀ ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Òun ni ó ń ṣe ìṣirò, òun náà ni ó ń pàṣẹ fún àwọn ẹ̀yà yòókù. Iná fólítì 15 ni 4004 ń lò. Lónìí, pírósẹ́sọ̀ inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì ń lo fólítì kan àti díẹ̀, síbẹ̀ ó ń sáré ju 4004 lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bí ọpọlọ náà ṣe ń lágbára sí i láti ọdún dé ọdún ni iná tí a ń fi tì í ń rẹlẹ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọn kì í fẹ́ kí kọ̀ǹpútà wọn sáré mọ níwọ̀n tí ilé iṣẹ́ fi lé e lọ́wọ́. Wọ́n á mú un sáré kọjá ìwọ̀n náà, iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní overclocking. Nígbà tí pírósẹ́sọ̀ kò bá lè sáré mọ́, wọ́n á fi kún fólítéèjì rẹ̀, ìyẹn agbára tí ń ti iná wọ inú rẹ̀. Àwọn kan jèrè níbẹ̀, àwọn mìíràn sì sun kọ̀ǹpútà wọn níná. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ sọ ìtàn bí fólítéèjì ṣe sọ̀ kalẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó gbé e sókè padà, àti ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún àwa tí a wà ní Akotogbo àti ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀.

Ẹnì kan lè bi mí pé kí ló kan ọmọ Akotogbo nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó kàn wá púpọ̀. JAMB bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò ní ọdún 2013, nígbà tó sì di ọdún 2015, wọ́n pa ti orí ìwé tì pátápátá. Ọmọ tí kò bá mọ bí a ṣe ń lo kọ̀ǹpútà kí ó tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, ẹ̀rù á bà á. Tokunbo ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí ń dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì ń pín ẹyọ kan lò. Bí ọ̀kan bá jóná, kì í ṣe ẹni tó fọwọ́ kàn án nìkan ló pàdánù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí fólítéèjì jẹ́. Bí a bá gbé táńkì omi sórí ilé gíga, omi á fi agbára tú jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Bí táńkì bá wà nílẹ̀, omi á kàn máa sun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni. Bí gíga táńkì ṣe rí sí omi ni fólítéèjì rí sí iná. Iná tí a bá fẹ́ gbé lọ sọ́nà jíjìn gbọ́dọ̀ ní fólítéèjì tó ga gan-an, ṣùgbọ́n iná tí yóò wọ inú ohun kékeré gbọ́dọ̀ rọra wá.

A lè fi ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ní Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa, ilé iṣẹ́ amúnáwá ńlá kan wà tí wọ́n ṣí ní ọdún 2007. Iná tó ń ti ibẹ̀ lọ sórí wáyà orílẹ̀-èdè tó fólítì 330,000. Láti ibẹ̀ ni yóò ti máa sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀ lórí àkàbà: yóò di 132,000, yóò di 33,000, yóò di 11,000. Tíránsífọ́mà àdúgbò ni yóò wá sọ ọ́ di 240 tàbí 230 tí ń wọ ilé. Nígbà tó bá dé inú kọ̀ǹpútà, páwà pákì á sọ ọ́ di fólítì 12, 5 àti 3.3. Lẹ́yìn náà, màdábọ́ọ̀dù á tún mú fólítì 12 náà sọ̀ kalẹ̀ dé bí 1.2 kí ó tó fi bọ́ pírósẹ́sọ̀. Gbogbo ìrìn àjò yẹn jẹ́ ti ìsọ̀kalẹ̀. Ẹni tó bá ń fi kún fólítéèjì pírósẹ́sọ̀ ń gun àkàbà yẹn padà ní ibi tí ó ti tín-ínrín jù lọ.

Iná ìjọba kì í ṣe ohun tuntun ní Nàìjíríà. Ọdún 1896 ni wọ́n kọ́kọ́ mú un wá sí Èkó. Wọ́n dá àjọ ECN sílẹ̀ lábẹ́ òfin ọdún 1950, wọ́n parí ìdídò Kainji ní ọdún 1968, wọ́n so àwọn àjọ méjì pọ̀ di NEPA ní ọdún 1972, NEPA di PHCN ní ọdún 2005, wọ́n sì fa pínpín iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2013. Síbẹ̀, ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí òkùnkùn fi bo ọ̀pọ̀ ìlú ní apá gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó, láti Òkìtìpupa dé Ìrèlè, Ìlàjẹ àti Ẹ̀sẹ̀-Odò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ amúnáwá wà láàárín wa. Jẹnẹrétọ̀ àti sólà ni a fi ń ṣe é. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ fólítéèjì kò ṣàjèjì sí ọmọdé ibí. A mọ ohun tí sítébiláísà wà fún. A mọ̀ pé bí háì kọ́rẹ́ǹtì bá wọlé lójijì, fìríìjì àti tẹlifíṣọ̀n lè lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí inú ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ṣe 4004 ni Federico Faggin, Ted Hoff, Stanley Mazor àti Masatoshi Shima. Ẹ̀rọ ìṣirò tí ilé iṣẹ́ Busicom ti Japan fẹ́ tà ni wọ́n ṣe é fún. Tíránsísítọ̀ 2,300 ló wà nínú rẹ̀. Tíránsísítọ̀ dà bí súìṣì kékeré tó ń ṣí, tó sì ń pa, òun sì ni gbogbo ìṣirò kọ̀ǹpútà dúró lé. Ní ọdún 1978, Intel ṣe 8086, tíránsísítọ̀ inú rẹ̀ di 29,000, fólítéèjì rẹ̀ sì sọ̀ sí 5. Fólítì 5 yìí pẹ́ kí ó tó yí padà. Kọ̀ǹpútà IBM PC ti ọdún 1981 lò ó, Pentium àkọ́kọ́ tó jáde ní ọdún 1993 pẹ̀lú tíránsísítọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta náà lò ó. Ooru Pentium yẹn pọ̀. Ní ọdún 1994, èyí tó tẹ̀lé e sọ̀ sí fólítì 3.3. Ní ọdún 1997, Pentium MMX sọ̀ sí 2.8. Nígbà tí Pentium 4 fi máa dé ní ìparí ọdún 2000, ó ti sún mọ́ fólítì 1.7.

Kí ló fa ìsọ̀kalẹ̀ yìí? Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Robert Dennard, tó ń ṣiṣẹ́ ní IBM, ṣàlàyé rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1974. Wọ́n ní bí a bá ń dín tíránsísítọ̀ kù, kí a máa dín fólítéèjì rẹ̀ kù ní ìwọ̀n kan náà. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, a lè kó tíránsísítọ̀ púpọ̀ sí ojú kan, wọn á sáré sí i, ooru ojú ibẹ̀ kò sì ní pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìlànà yìí ni àwọn aṣepírósẹ́sọ̀ tẹ̀lé fún ọgbọ̀n ọdún. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́ lóòótọ́.

Bí àwọn ilé iṣẹ́ ṣe ń dín in kù ni àwọn oníkọ̀ǹpútà kan ń gbé e ga. Lára pírósẹ́sọ̀ tí orúkọ rẹ̀ kò lè parẹ́ láàárín wọn ni Celeron 300A, tí Intel gbé jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1998. Kò wọ́n. 300 MHz ni wọ́n ní kí ó máa sá, ìyẹn ni pé aago inú rẹ̀ ń lù ní ìgbà mílíọ̀nù 300 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn tó rà á rí i pé bí wọ́n bá yí aago màdábọ́ọ̀dù láti 66 sí 100, ó ń sá 450 MHz. Fólítì 2.0 ni tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sá eré náà láìfi ohunkóhun kún un, èyí tó bá ń ṣagídí ni wọ́n ń fi díẹ̀ kún fún. Owó kékeré ni wọ́n fi ra ohun tó ń bá pírósẹ́sọ̀ olówó gọbọi du ipò.

Ní ọdún 2000, ti ilé iṣẹ́ AMD tún dé. Wọ́n ti gé àwọn ojú ọ̀nà tín-ín-tín kan lórí Athlon àti Duron kí ẹnikẹ́ni má lè yí eré wọn padà. Àwọn ènìyàn kan mú pẹ́ńsù, irú èyí tí a fi ń kọ̀wé ní pírámárì, wọ́n fi ya ìlà láti so ibi tí wọ́n gé pọ̀, nítorí pé dúdú inú pẹ́ńsù ń gba iná kọjá. Pírósẹ́sọ̀ sì ṣí. Ìtàn yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọgbọ́n orí lè ṣe ohun tí owó kò lè ṣe.

Lẹ́yìn ẹ̀rín ni ẹkún dé. Ní nǹkan bí ọdún 2002, irú Pentium 4 kan tí wọ́n ń pè ní Northwood jáde. Tíránsísítọ̀ rẹ̀ kéré ju ti ìṣáájú lọ, fólítì 1.5 ni wọ́n sì fún un. Àwọn tó ti mọ́ lára láti máa gbé fólítéèjì sókè gbé tirẹ̀ náà kọjá 1.7. Kọ̀ǹpútà wọn ń sáré, inú wọn ń dùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan, pírósẹ́sọ̀ á kàn kú lójijì, kò sì ní jí mọ́. Ó pọ̀ débi pé wọ́n fún un ní orúkọ bí àìsàn: ikú òjijì Northwood. Fólítì 1.7 tí kò pa ti ọdún 2000 lára ni ó pa ti ọdún 2002.

Ohun tó pa á ni àwọn onímọ̀ ń pè ní electromigration. Ẹ wo ọ̀nà oko tí a kò da ọ̀dà sí. Bí òjò bá ń rọ̀ níwọ̀nba, ọ̀nà á wà bẹ́ẹ̀. Bí àgbàrá bá pọ̀, tó sì yára, á máa wọ́ iyẹ̀pẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀nà á fi já. Bẹ́ẹ̀ ni iná tó pọ̀ jù ṣe ń ti irin inú okùn tín-ín-tín pírósẹ́sọ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Ní ọdún 1969, James Black ti ilé iṣẹ́ Motorola ti kọ ìṣirò tó fi hàn pé bí iná bá ṣe pọ̀ tó, tí ooru sì ga tó, ni ọjọ́ ayé okùn náà ṣe ń kúrú. Ìbàjẹ́ yìí kì í dún, kì í rùn, kì í sì í ṣe èéfín. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó rí i pé kọ̀ǹpútà òun ṣì ń ṣiṣẹ́ lónìí kò gbọdọ̀ sọ pé kò sí ewu.

Ooru ni ewu kejì. Agbára tí pírósẹ́sọ̀ ń jẹ ń bá eré rẹ̀ lọ ní ìlọ́po kan, ṣùgbọ́n ó ń bá fólítéèjì lọ ní ìlọ́po fólítéèjì náà lọ́nà ara rẹ̀. Bí a bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún eré, tí a tún fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún fólítéèjì, ìṣirò rẹ̀ ni 1.1 lọ́nà 1.1 lọ́nà 1.1, ìyẹn 1.331. Èrè eré jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá, ooru fò sókè ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Àwọn ilé iṣẹ́ pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò yìí. Ní ọdún 2004, Intel pa Pentium 4 tí ì bá sá 4 GHz tì. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi ọpọlọ púpọ̀ sínú pírósẹ́sọ̀ kan dípò kí wọ́n máa lé eré nìkan.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìtàn àtijọ́ ni mo ń sọ, kí ó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, àwọn pírósẹ́sọ̀ Ryzen 7000 kan ti AMD bẹ̀rẹ̀ sí í jóná mọ́ màdábọ́ọ̀dù. Apá kan fólítéèjì tí màdábọ́ọ̀dù ń fún wọn ló ga jù, AMD sì pàṣẹ pé kí ó má kọjá 1.3. Ní oṣù keje ọdún 2024, Intel jẹ́wọ́ pé pírósẹ́sọ̀ ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá wọn ń bẹ̀bẹ̀ fún fólítéèjì tó ga ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn sì ń bà wọ́n jẹ́. Ní oṣù kẹjọ, wọ́n gbé àtúnṣe jáde tí kò ní jẹ́ kí wọ́n béèrè ju fólítì 1.55 lọ, wọ́n sì fi ọdún méjì kún àkókò tí oníbàárà fi lè gba pààrọ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ àwọn tí èyí ṣẹlẹ̀ sí kò fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ilẹ̀ Ìkálẹ̀ gan-an. Ẹni tó wà ní ìlú òyìnbó lè dá pírósẹ́sọ̀ tó kú padà kí wọ́n fún un ní òmíràn. Tokunbo kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Àtúnṣe ti Intel, inú BIOS ni wọ́n ń kó o sí, BIOS sì ni ètò àkọ́kọ́ tí kọ̀ǹpútà ń kà nígbà tí a bá tàn án. Bí iná bá lọ nígbà tí a ń pààrọ̀ BIOS, kọ̀ǹpútà náà lè má tàn mọ́. Ohun tó jẹ́ àdánù ráńpẹ́ fún ọmọ ibòmíràn lè jẹ́ òpin ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà fún odidi ọdún kan lọ́dọ̀ tiwa.

Ṣé kí ẹnikẹ́ni má ṣe é rárá ni? Rárá o. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ lè kọ́ ọ, ṣùgbọ́n kí ó tẹ̀lé ohun tí ìtàn ti fi hàn. Kí ó kọ́kọ́ mọ orúkọ pírósẹ́sọ̀ rẹ̀ gan-an àti fólítéèjì tí ilé iṣẹ́ kọ pé kò gbọdọ̀ kọjá. Kí ó má fi ti ìran kan ṣe òṣùwọ̀n fún òmíràn, nítorí ohun tó pa Northwood nìyẹn. Kí ó gbá eruku inú fáànù, kí ó pààrọ̀ ìpara tó wà láàárín pírósẹ́sọ̀ àti irin tí ń gba ooru rẹ̀ bí ó bá ti gbẹ, kí ó sì kọ ìwọ̀n ooru rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó yí ohunkóhun padà.

Lẹ́yìn náà, kí ó fi díẹ̀ kún eré láìfọwọ́ kan fólítéèjì. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀ ni kí ó tó fi kún fólítéèjì, kó má sì ju 0.01 tàbí 0.02 lọ lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá fi kún un, kí ó fún kọ̀ǹpútà ní iṣẹ́ tó le fún nǹkan bíi wákàtí kan, kí ó máa wo ooru. Bí ooru bá ti kọjá ìwọ̀n 80 sí 85 lórí Celsius, kí ó padà sẹ́yìn. Kí ó má fi fólítéèjì sílẹ̀ kí màdábọ́ọ̀dù máa yàn án fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ti fi kún eré, nítorí òmíràn ń yan èyí tó ga jù. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ láti tàn, kí ó pa iná, kí ó yọ bátìrì pẹlẹbẹ tó wà lórí màdábọ́ọ̀dù fún ìgbà díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á padà sí bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kó má sì ṣe é lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí iná rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

Ọ̀nà kan tún wà tí mo rò pé ó bá wa mu jù. Àwọn kan ń yí i sí òdìkejì: wọ́n ń dín fólítéèjì kù díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń fi eré sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí wọ́n bá dín in jù, kọ̀ǹpútà á kàn dákú ni, wọ́n á sì dá a padà. Kì í jó. Ooru á rọlẹ̀, fáànù kò ní pariwo, epo jẹnẹrétọ̀ á pẹ́, bátìrì sólà náà á pẹ́. Nínú yàrá tó gbóná, ní ìlú tí a ti ń ka iye wákàtí tí iná fi wà, èrè nìyẹn.

Ní ìgúnlẹ̀, láti ọdún 1971 títí di òní, kì í ṣe fífi agbára kún agbára ni ó mú kọ̀ǹpútà tẹ̀ síwájú. Mímọ ìwọ̀n ni. Àwọn tó mọ ìwọ̀n rí èrè lára Celeron, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n sin Northwood. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí wa, bí ẹ bá rí ọmọ tó ń tú kọ̀ǹpútà, ẹ má kàn lé e dànù. Ẹ bi í pé fólítì mélòó ni ó wà níbẹ̀, mélòó ni ó fẹ́ sọ ọ́ dà, àti mélòó ni ilé iṣẹ́ ní kí ó má kọjá. Bí ó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ jẹ́ kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ ní kí ó lọ kàwé sí i ná.